Ẹ́ńjìnnì Ẹ̀gbọ́n Mi Tó Ń Yìnbọn Lẹ́yìn Ṣọ́ọ̀ṣì

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò lè pààrọ̀ gílóòbù tó jó nínú ilé ara rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, bàálù ló ní òun fẹ́ kàn. Mi ò bù mọ́ ọn. Gbogbo ọdún tó fi ṣiṣẹ́ ìṣirò ní council, èmi àbúrò rẹ̀ obìnrin ni mo máa ń gun àga láti tún iná pálọ̀ wọn ṣe, torí pé títún ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ṣe ni mo fi jẹun nílùú òyìnbó yìí títí èmi náà fi fẹ̀yìn tì. Lójúkojú, "ẹ" àti "wọ́n" ni mo ń lò fún un, bó ṣe tọ́ sí ẹ̀gbọ́n. Nínú ìtàn yìí, "ó" ni màá máa pè é, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló pawọ́ pọ̀ ya irú wèrè bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fojú ara mi rí i, ó pè mí wá sílé rẹ̀ nítòsí pápá Peckham Rye. Mo ṣílẹ̀kùn, mo bá apá bàálù kan ní pálọ̀, ó nà láti ẹnu ọ̀nà dé ojú fèrèsé. Wọ́n ti gbé tẹlifíṣọ̀n lọ sí kíṣìnì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó gbé abọ́ ìrẹsì lé orúnkún. Obìnrin yìí jù mí lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n Aunty ló ń pè mí, torí pé ó bá mi nínú ẹbí ni.

"Aunty mi, ẹ káàbọ̀," ó ní. "Ẹ rọra o, kí ẹ má fi báàgì gbá apá bàálù Alhaji."

"Ìyàwó wa, kí lèyí?"

"Ẹ bi ẹ̀gbọ́n yín. Ọkọ ẹlòmíì máa ń fẹ́ ìyàwó kejì tó bá ti fẹ̀yìn tì. Tèmi, bàálù ni wọ́n fẹ́. Mo dúpẹ́."

Ẹ̀gbọ́n mi jáde láti kíṣìnì, ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ fún.

"Àbúrò, o ti rí i! Nílùú yìí, òfin gbà kí èèyàn kan bàálù kékeré fúnra ẹ̀. Wọ́n á kó àwọn èlò ẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ, ìwọ á tò ó pọ̀. Inspector á máa wá yẹ̀ ẹ́ wò bó o bá ṣe ń bá a lọ."

"Ta ló máa wà á?"

"Èmi ni."

Mo mọ̀ pé ó ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù ní pápá kan ní Kent. Mo rò pé á sú u ni, bí gọ́ọ̀fù ṣe sú u, bí oyin sísìn náà ṣe sú u lẹ́yìn tí oyin ta ìyá àgbà tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé wọn. Bàálù kò sú u. Ó kọ́ wíwà rẹ̀ títí wọ́n fi fún un ní láísẹ́ǹsì. Ká ní ó tún ra irú ẹ́ńjìnnì tí àwọn èèyàn ń lò, mi ò bá má rí ìtàn sọ. Àmọ́ Ẹnjiníà ti bá a débẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Ẹnjiníà jẹ́. Ọkùnrin kan ni tí ẹ̀gbọ́n mi bá pàdé ní mọ́ṣáláṣí, ó kéré sí wa lọ́jọ́ orí dáadáa. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Rye Lane, láàárín ẹni tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹni tó ń ta wíìgì, ibẹ̀ ló ti ń pààrọ̀ ojú fóònù tó fọ́. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó fi í joyè Ẹnjiníà. Ó máa ń gbé awò sí iwájú orí, mi ò sì rí i kó fà á wálẹ̀ sójú rí. Kò sí ẹ̀rọ tí kò tíì wò lórí fídíò, kò sì sí èyí tó ti fọwọ́ kàn. Òun ló sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ẹ́ńjìnnì rótárì, tí wọ́n ń yọ lára ọkọ̀ eré ìje àwọn ará Japan, ni àwọn tó gbọ́n ń fi sínú bàálù.

Ẹ́ńjìnnì náà kò burú, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Kò ní písítìnì tó ń lọ sókè sódò. Irin onígun mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀, tó ń yí po bí orógùn ṣe ń yí nínú ìkòkò. Irin méjì bẹ́ẹ̀ ló ní, plọ́ọ̀gì méjì ló sì ń ta iná fún ìkọ̀ọ̀kan: èkíní á dáná sí epo, èkejì á tẹ̀ lé e kí epo lè jó tán. Plọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan ní kọ́ìlì tirẹ̀, ìyẹn àpótí kékeré tó ń sọ iná bátìrì di iná alágbára. Bí iná bá kùnà, epo tí kò jó á sá wọ inú páìpù èéfín tó ti gbóná, ibẹ̀ ni á ti bú gbàmù.

Ẹ̀gbọ́n mi háyà ìsọ̀ kan lábẹ́ afárá ọkọ̀ ojú irin, lẹ́yìn Rye Lane. Tí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá lókè, tíì inú ife rẹ á máa gbọ̀n. Ó de ẹ́ńjìnnì náà mọ́ férémù irin nínú àgbàlá ẹ̀yìn, ó fi abẹ̀bẹ̀ bàálù sí iwájú rẹ̀, ó sì fi àwọ̀n onírin yí abẹ̀bẹ̀ náà ká kó má baà gé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì ló wà nínú ìsọ̀ kejì, wọ́n ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó ju ti pápá ìṣeré lọ. Ẹ̀gbọ́n mi, Alhaji tó lọ sí Mẹ́kà, wá fi ìsìn ọjọ́ Sunday wọn bojú. Ìgbà tí wọ́n bá ń kọrin lọ́wọ́ ló máa ń tan ẹ́ńjìnnì, kí àwọn ará àdúgbò má baà mọ èwo lèwo.

Ó pè mí wá wo bí á ṣe tàn án. Ó tan lóòótọ́, ó ń kùn jẹ́jẹ́ bí ológbò. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí bí ẹni tó fẹ́ kí n kúnlẹ̀ kí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ iná mọ́ ọn. Ẹ́ńjìnnì sáré, abẹ̀bẹ̀ gbá ìwé àti ọ̀rá àgbàlá lọ. Nígbà tó dé ibi agbára tí bàálù á fi gbéra nílẹ̀, ohùn rẹ̀ ṣàdédé yí padà. Ó ń kólòlò, ó ń já, ó ń wúkọ́. Lẹ́yìn náà ló yìnbọn. Gbàù! Gbàù!

Orin dákẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. A gbọ́ ariwo àga tó ń ṣubú. Ṣé ẹ mọ̀, ní Peckham, tí ohun kan bá dún báyẹn, kò sẹ́ni tó máa rò pé bàálù ni. Gbogbo ìjọ ti dojú bolẹ̀. Kò pẹ́ rárá, ọlọ́pàá dé, wọ́n pọ̀, wọ́n wọ ẹ̀wù ayẹta, wọ́n ní ká fi ọwọ́ wa síbi tí àwọn á ti máa rí i. Èmi tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, mo nà án sókè nínú òtútù, epo dúdú ń kán wọ inú apá aṣọ mi.

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ọlọ́pàá obìnrin kan sì ń fara balẹ̀ gbọ́. Ẹnjiníà, tó wà níbẹ̀ látàárọ̀, ló ti ara bọ̀ ọ́.

"Madam, it's just the timing," ó ní. "I am the engineer."

Ọlọ́pàá náà wo awò tó wà níwájú orí rẹ̀. Ó ní bí òun ni ẹnjiníà, kó jọ̀wọ́ máa ṣe é jìnnà sí ibi tí èèyàn wà. Pásítọ̀ jáde, eruku wà lórúnkún ṣòkòtò rẹ̀. Ó kàn wo ẹ́ńjìnnì náà, ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ó ní, "Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá tún fẹ́ yìn ín, ẹ kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí wa."

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń wá àìsàn ẹ́ńjìnnì náà. Ẹnjiníà ní plọ́ọ̀gì ni. Wọ́n ra plọ́ọ̀gì tuntun, ó ń yìnbọn. Ó ní kọ́ìlì ni. Wọ́n ra kọ́ìlì tuntun, ó ń yìnbọn. Ó ní epo ilé epo yẹn ni wọ́n bu omi là. Ẹ̀gbọ́n mi wakọ̀ kọjá àdúgbò Elephant and Castle lọ ra òmíràn, ẹ́ńjìnnì mu ún, ó sì yìnbọn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu Ẹnjiníà, ó ní ojú ayé ni, ojú àwọn tó ń ṣe ìlara. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi yé ya fọ́tò ẹ́ńjìnnì náà ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ àsálátù. Mo bi í léèrè bóyá ojú ayé máa ń dúró dìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá sáré kó tó wọlé.

"Aunty, àwọn nǹkan kan wà tí sáyẹ́ǹsì ò lè explain," ó dá mi lóhùn.

"Òótọ́ ni," mo ní. "Ìwọ náà wà lára ẹ̀."

Mi ò mú ara mi kúrò níbẹ̀. Èmi náà ní ìdájọ́ tèmi, ó sì dá mi lójú bí ọjọ́. Mo ní kọ́ìlì kọ́, torí pé tí kọ́ìlì kan bá bàjẹ́, tí a bá gbé e lọ sí ojú ibòmíì, àìsàn á tẹ̀ lé e lọ. Mo pààrọ̀ ipò wọn, kò sí ohun tó yàtọ̀. Mo wá ní wáyà tín-ín-rín tó ń sọ ibi tí irin onígun mẹ́ta dé fún kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì ni, pé ó sún mọ́ wáyà plọ́ọ̀gì jù, iná ńlá ń pariwo sí i létí. Mo tú u, mo gbé e gba ọ̀nà ibòmíì, mo fi ọ̀rá onírin wé e. Mo ní kí wọ́n tàn án báyìí kí wọ́n wá gbọ́. Ó yìnbọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹnjiníà kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó yọ awò níwájú orí, ó nù ún, ó dá a padà síbẹ̀. Mo palẹ̀ sípánà mi mọ́, mo ní mo fẹ́ lọ ra ẹja.

Láàárín ìgbà yẹn, inspector wá, òyìnbó àgbàlagbà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó yẹ iṣẹ́ apá àti ìrù bàálù wò, ó ní iṣẹ́ náà mọ́. Nígbà tó gbọ́ ẹ́ńjìnnì, ó ní òun kò ní í fọwọ́ sí ohun tó ń ṣe báyẹn, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àpótí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí ọ̀rọ̀ bàálù ti bẹ̀rẹ̀, àánú rẹ̀ ṣe mí. Kò pẹ́ lára mi. Ẹnjiníà la ẹnu, ó ní òyìnbó náà ń jowú.

Ọjọ́ Sunday kan lẹ́yìn náà, a tún pé jọ. Wọ́n ti ránṣẹ́ sí pásítọ̀. Wọ́n gbìyànjú láti tan ẹ́ńjìnnì títí bátìrì fi kú. Ẹ̀gbọ́n mi lọ wa ọkọ̀ rẹ̀ wá sí ẹnu àgbàlá, ó ní kí a fi wáyà fa iná láti inú bátìrì ọkọ̀ sí ti bàálù. Ẹnjiníà fi wáyà pupa sí orí bátìrì. Ẹ̀gbọ́n mi mú wáyà dúdú, kò lè bẹ̀rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ torí ẹ̀yìn tó ń dùn ún, ó bá fi ẹnu wáyà gé ohun tó sún mọ́ ọn jù lọ jẹ, ìyẹn etí páànù tí a de gbogbo kọ́ìlì mọ́.

Ẹ́ńjìnnì tan. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ iná mọ́ ọn. Gbogbo wa ti ń ki ìka bọ etí. Ohùn rẹ̀ ń gòkè, ó ń gòkè, kò já. Ó kọjá ibi tó ti máa ń kólòlò, ó dé òpin agbára rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀, ó ń ké geere. Férémù irin fẹ́ẹ̀ máa rìn. Mo rí i tí ẹ̀gbọ́n mi ń sunkún, ó ní afẹ́fẹ́ ni.

Nígbà tó pa á, Ẹnjiníà fò sókè.

"Bátìrì ni! Mo ti sọ fún yín! Mo ti ń sọ ọ́ látọjọ́ yìí!"

Kò sọ ọ́ rí. Plọ́ọ̀gì ló sọ, ó sọ kọ́ìlì, ó sọ epo, ó sọ ojú ayé. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń mú fóònù jáde láti ra bátìrì ńlá. Mo ní kó dúró ná.

"Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ fi wáyà dúdú yẹn sí?"

"Ibẹ̀ yẹn ni. Kí ló dé?"

"Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́ níbẹ̀, ká fi sí ara ẹ́ńjìnnì fúnra ẹ̀. Bátìrì ọkọ̀ á ṣì máa ràn án lọ́wọ́. Ẹ wá tàn án."

A ṣe bẹ́ẹ̀. Gbàù! A pa á, a dá wáyà padà sí etí páànù kọ́ìlì, a tún tàn án. Ó ń ké geere. Ẹnjiníà ní kí a gbìyànjú bátìrì ńlá náà síbẹ̀síbẹ̀. Mo ti ń wo páànù.

Páànù yẹn lẹ́wà. Àwọ̀ ewé ni ẹ̀gbọ́n mi kùn ún, ó kùn ún lákùntúnkùn, ó sì fi ọ̀dà tó ń dán bò ó lórí. Ó kùn ún níwájú, ó kùn ún lẹ́yìn, ó kùn ún nínú ihò tí bóòtù ń gbà kọjá. Ṣùgbọ́n inú páànù yẹn ni iná gbogbo kọ́ìlì gbọ́dọ̀ gbà padà sínú ara ẹ́ńjìnnì, ohun tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Ọ̀dà kì í jẹ́ kí iná kọjá. Ìwọ̀nba ibi tí bóòtù ti ha ọ̀dà náà díẹ̀ ni iná ń rí gbà. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń rọra ṣe, ìyẹn tó o. Tó bá sáré, tí gbogbo kọ́ìlì fẹ́ ta iná léraléra, ọ̀nà há. Wáyà dúdú tí ẹ̀gbọ́n mi ṣèèṣì fi sí ibẹ̀ ló di ọ̀nà mìíràn fún iná. Ìdí sì nìyí tí pípààrọ̀ kọ́ìlì kò fi ràn wá lọ́wọ́: páànù kan náà ni gbogbo wọn jókòó lé. Wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́, ó ní òkè lẹ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Gbogbo wa ń wo òkè.

Mo gbé mítà tí wọ́n fi ń wọn iná sí i láti fi dá ara mi lójú, bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Lẹ́yìn náà mo bi ẹ̀gbọ́n mi pé ta ló ní kó kun ún.

"Kò sẹ́ni," ó ní. "Mo fẹ́ kó dára lójú ni."

"Ta ló máa wò ó nínú bàálù? Àwọn ẹyẹ?"

Ó fúnra rẹ̀ ha ọ̀dà náà kúrò títí irin fi funfun. Mo fi wáyà ẹ́ẹ̀tì nínípọn kan so páànù mọ́ ara ẹ́ńjìnnì. Láti ìgbà náà ẹ́ńjìnnì náà kò yìnbọn mọ́, inspector sì padà wá gbọ́ ọ, ó fọwọ́ sí i láìsọ̀rọ̀ púpọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, nígbà tí a kírun tán, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí de ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Ohùn Ẹnjiníà ni mo gbọ́. Àwọn àgbà yí i ká, ó ń fi ọwọ́ ya ẹ́ńjìnnì nínú afẹ́fẹ́.

"Ẹ́ẹ̀tì ni problem yẹn. Bí mo ṣe wò ó báyìí ni mo ti mọ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo dúró kó dé ibi tó gbé ọkọ̀ sí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ irọ́ yẹn, ẹ sì dákẹ́?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ?"

"Òótọ́! Ọkùnrin yẹn ò mọ nǹkan kan!"

Ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, kò tíì wọlé.

"Mo mọ̀ pé kò mọ nǹkan kan. Àmọ́ nígbà tí mo sọ pé mo fẹ́ kan bàálù, ìwọ fi mí rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ torí pálọ̀. Àwọn ọmọ ní ká lọ ṣe test fún ọpọlọ mi. Òun nìkan ló ní, 'Alhaji, ó máa fò.' Jẹ́ kó máa gbéra ga níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, mi ò ní sọ pé kò wọ̀ mí. Ṣùgbọ́n kò sọ Ẹnjiníà di ẹnjiníà.

Nígbà tí wọ́n to bàálù náà pọ̀ tán ní pápá Kent, awakọ̀ òfuurufú tó mọṣẹ́ ló kọ́kọ́ gbé e lọ sókè, léraléra, títí wọ́n fi gbà kí ẹ̀gbọ́n mi máa wà á fúnra rẹ̀, títí wọ́n tún fi gbà kó gbé ẹnì kan sí ẹ̀gbẹ́. Àga kejì yẹn, Ẹnjiníà ló ṣèlérí rẹ̀ fún. Gbogbo Rye Lane ló gbọ́. Nígbà tí òwúrọ̀ ọjọ́ náà mọ́, a dé pápá, oòrùn ń ràn, koríko tutù. Ẹnjiníà wo bàálù náà yí po. Ó fọwọ́ kan apá rẹ̀, ó rí i pé ó ń mì.

"Alhaji, BP mi lókè díẹ̀ lónìí," ó ní. "Mi ò fẹ́ kí n kó ẹrù bá yín."

Ẹ̀gbọ́n mi wo àga náà, ojú rẹ̀ sì já wálẹ̀ bí ti ọmọ tí wọ́n gba ìṣeré lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi báàgì mi lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́.

"Aunty mi, kí lẹ fẹ́ ṣe?"

"Ìyàwó wa, ẹ bá mi di í mú."

Inú bàálù náà há ju ibi ìgbọ̀nsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin lọ. Ẹ̀gbọ́n mi dè mí mọ́ àga, ó fi ohun èlò ìgbọ́rọ̀ sí mi létí, ó ka àdúà ìrìn àjò, mo ṣe àmín tọkàntọkàn. A sáré lórí koríko, egungun mi ń lu ara wọn. Lẹ́ẹ̀kan náà, gbígbọ̀n náà dáwọ́ dúró. Ilẹ̀ ti fi wá sílẹ̀.

Wọ́n ní Kent lẹ́wà tí èèyàn bá wò ó látòkè. Mi ò lè jẹ́rìí sí i. Ẹ́ńjìnnì ni mo ń fi etí gbọ́ látìgbà tí a ti gbéra, mo di etí àga mú, mo ń dúró dè é kó kólòlò. Kò kólòlò.

"Àbúrò, ṣé o rí òkun lọ́hùn-ún?" Ohùn ẹ̀gbọ́n mi dún létí mi, ó ti di ọmọdé. "Wò ó, wò ó! Ṣé ó dára àbí kò dára?"

Ó yí ojú sí mi pátápátá, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń dúró de ìdáhùn.

"Ó dára, Ẹ̀gbọ́n," mo ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo iwájú yín."